Ibo ni Fókọ́ọ̀sì Lọ? Bí A Ṣe Ń Wádìí Lẹ́ǹsì Tí Fọ́tò Rẹ̀ Ń Ṣe Bàìbàì

Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, yẹtí wúrà etí rẹ̀ mú bí abẹ, ẹyinjú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Mo ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá níbi ìgbéyàwó kan n'Íbàdàn, n kò sì mọ̀ àfi ìgbà tí mo délé tí mo tú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́ǹsì 85mm f/1.8 tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo dá lẹ́bi lójú ẹsẹ̀ (85mm ni gígùn lẹ́ǹsì, f/1.8 ni bí ojú rẹ̀ ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú ṣe ń ṣí tó). Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Ó gbowó, ó tú u, ó dè é padà, fọ́tò kò yàtọ̀. Ìgbà tí mo jókòó tí mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra mi ni mo tó rí i pé ọwọ́ lẹ́ǹsì mọ́. Èmi ni mo ṣe é.

Nínú fọ́tò, fókọ́ọ̀sì, ibi tí lẹ́ǹsì mú kedere, kì í sọnù. Bí kò bá sí lójú, ó ti lọ sí etí, tàbí sára ògiri ẹ̀yìn, tàbí sórí òdòdó tó wà níwájú. Ká kọ́kọ́ wá ibi tó lọ, ká tó bèèrè ẹni tó gbé e lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ní ẹsẹẹsẹ. Kámẹ́rà onídíńgí, DSLR, ni màá fi ṣe àlàyé jù, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí a ń ra tòkunbọ̀. Màá kan mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní díńgí, díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìkíní: Ẹ ka fọ́tò náà kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́ǹsì

Ojú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà a máa purọ́ fúnni, ohun gbogbo ló ń dán níbẹ̀. Ẹ tú fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100%, kí ẹ wá fara balẹ̀ wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dàbí ohun tí wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí gílóòbù di ìlà, tí ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú di méjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ló gbọ̀n, tàbí ẹni tí ẹ ń yà ló mira. Ẹ gbé ìyára ṣọ́tà, bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú kó sì pa á dé, sókè: 1/200 ìṣẹ́jú-àáyá fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ bá ń lo 85mm, 1/500 fún ẹni tó ń jó. Mo mọ ẹnì kan tó ta lẹ́ǹsì tó dára ní ọ̀pọ̀ nítorí pé 1/40 ló fi ń ya àwọn tó ń jó.

Bí ojú kò bá mú, àmọ́ tí nǹkan mìíràn mú, bíi irun, yẹtí tàbí léèsì èjìká, a jẹ́ pé fókọ́ọ̀sì ti yà síbòmíràn. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù níbí. Lórí intálọ́ọ̀kì tàbí koríko, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú, tó lọ láti apá òsì fọ́tò dé apá ọ̀tún. Ibi tí ìlà yẹn bá wà, ìbáà ṣe níwájú ẹsẹ̀ ìyàwó tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni lẹ́ǹsì ń wò nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì.

Bí kò bá sí ibi kankan tó mú, tí kò sì sí ohun tó dàbí pé wọ́n fà á, ẹ fura sí ìdọ̀tí, eruku, ìkùukùu ojú lẹ́ǹsì, tàbí pé ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà ju bí lẹ́ǹsì ṣe lè rí i lọ.

Ẹ má fi fọ́tò kan dájọ́. Ẹ kó bí ogún jọ láti òde kan náà, kí ẹ kọ sílẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, tàbí ó bọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ohun tó ṣeé tún ṣe pẹ̀lú mẹ́nù kámẹ́rà ni. Bí ó bá jẹ́ pé èyí lọ síwájú, èyí lọ sẹ́yìn, ọ̀kan bọ́ sí i, ọwọ́ yín, ìmọ́lẹ̀ tàbí mọ́tò inú lẹ́ǹsì ni ká wò. Ìyàtọ̀ méjì yìí ló máa darí gbogbo ìwádìí yòókù, nítorí náà ẹ má fò ó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í lò. Digital Photo Professional ti Canon àti NX Studio ti Nikon, ètò orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, lè fi àmì fókọ́ọ̀sì, àpótí kékeré tí kámẹ́rà fi mú fókọ́ọ̀sì, hàn lórí fọ́tò. Ẹ lè máa bá lẹ́ǹsì jà nígbà tó jẹ́ pé orí gèlè ni àmì náà wà.

Ìkejì: Àwọn ohun kékeré tó máa ń tini lójú

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni mo ti rí.

Wíìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ viewfinder, ihò tí a ń fi ojú wò lẹ́yìn kámẹ́rà, fún ojú tó nílò awò. Bí ọmọ bá ti fi ṣeré, ohun gbogbo á ṣú lójú yín bí fọ́tò tilẹ̀ dára. Nọ́ńbà àti àmì inú viewfinder ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ má wo ẹni tí ẹ ń yà. Nígbà tí nọ́ńbà bá mọ́ kedere, ẹ fi í sílẹ̀.

Bọ́tìnì AF/MF tó wà lára lẹ́ǹsì (AF, kámẹ́rà ló ń wá fókọ́ọ̀sì; MF, ọwọ́ wa ni) máa ń yí padà nínú báàgì. Lára 70-200mm, bọ́tìnì mìíràn tún wà tó ń sọ fún lẹ́ǹsì pé kó má wá ohun tó wà nítòsí. Bí ó bá wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì á máa lọ á máa bọ̀ láìrí ọmọdé tó dúró síwájú yín.

Èyí tó tẹ̀ lé e ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Àwọn Nikon D3000, D3100 títí lọ, àti D5000, D5100 títí lọ, kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú ara kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì AF 50mm f/1.8D kò ní mọ́tò nínú tirẹ̀ náà. Ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀, fókọ́ọ̀sì kò ní mira rárá, olùrà á sì rò pé wọ́n ta òkú lẹ́ǹsì fún òun. Kò sí ohun tó bàjẹ́. AF-S 50mm f/1.8G ló yẹ kó rà, tàbí kó máa fi ọwọ́ yí èyí tó rà.

Gbogbo lẹ́ǹsì ló ní ibi tí kò lè sún mọ́ jù. Canon EF 50mm f/1.8 II kò lè rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju 45cm lọ, ti STM tó tẹ̀ lé e jẹ́ 35cm. EF 85mm f/1.8 nílò 85cm, Nikon 85mm f/1.8G nílò 80cm. Ẹni tó fẹ́ fi 85mm ya òrùka ìgbéyàwó nítòsí, ó ń bá lẹ́ǹsì jà lásán ni.

Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ wo àwọn irin wúrà kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Òógùn àti eruku ọyẹ́ máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tí kì í tú òwú nù ún. Bí àbàwọ́n kò bá lọ, ẹ kán ọtí isopropyl díẹ̀ sí aṣọ náà. Ẹ má kán an sára lẹ́ǹsì.

Fílítà UV tó rọ̀ pọ́ọ́kú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ ya fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ẹ bá sì ti inú ọkọ̀ tí éàsì ti tutù bọ́ sínú ooru òde, ìkùukùu á bo ojú lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kó lè bá ooru mu. Níkẹyìn, ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì gígùn ya ohun tó jìnnà lójú títì ọ̀dà lọ́sàn-án gangan, ooru tó ń jó lójú títì ló ń ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́, kò sì sí lẹ́ǹsì tó lè ṣẹ́gun ìyẹn.

Ìkẹta: Ọwọ́ tiwa

Ibí ni fọ́tò mọ́kànlá mi ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nínú iṣẹ́ ni pé kí n gbé àmì àárín sójú ìyàwó, kí n tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, kí n wá yí kámẹ́rà kí ojú rẹ̀ lè bọ́ sókè fọ́tò, kí n tó tẹ̀ ẹ́ parí. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì kít, èyí tó bá kámẹ́rà wá, ní f/5.6, kò sí wàhálà. Pẹ̀lú 85mm ní f/1.8, ọ̀ràn dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí kámẹ́rà full frame, tí sẹ́ńsọ̀, ohun inú rẹ̀ tó ń gba àwòrán, tóbi, bí ẹni tí ẹ ń yà bá wà ní mítà 2, gbogbo ibi tó máa mú ní f/1.8 kò ju bíi 6cm lọ, bíi 3cm níwájú, 3cm lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí kámẹ́rà ní ìwọ̀n digíríì 10, pèpéle fókọ́ọ̀sì, ojú ibi tó mú, yóò yí pẹ̀lú yín. Ojú ìyàwó yóò bọ́ síwájú pèpéle náà ní bíi 3cm. Gbogbo àǹfààní iwájú ti tán nìyẹn. Kí ẹ wá fara síwájú díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnì, nítorí ènìyàn kì í dúró bí òpó, fókọ́ọ̀sì ti dé etí. Yẹtí ló kù tó máa mú. 50mm pàápàá kò bọ́: ní mítà kan ààbọ̀, bí ẹ bá yí i ní digíríì 15, ojú yóò fi 5cm kúrò lórí pèpéle.

Ẹ gbé àmì fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lọ sójú, kí ẹ má yí kámẹ́rà mọ́. Mo mọ̀ pé àmì ẹ̀gbẹ́ kò lágbára lára kámẹ́rà kékeré. Nikon D3200 ní àmì 11, ọ̀kan péré nínú wọn, ti àárín, ló lè rí ìlà òró àti ìlà ìbú pọ̀. Canon 600D ní 9, ti àárín nìkan náà ni. Síbẹ̀, níta tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, àmì ẹ̀gbẹ́ tó wà lójú sàn ju àmì àárín tí a yí lọ. Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, mo máa ń lo àmì àárín, mo yà á fẹ̀ díẹ̀, mo wá gé e nílé.

Ẹ wo ipò fókọ́ọ̀sì náà. Fún ẹni tó dúró, One Shot lára Canon tàbí AF-S lára Nikon (kì í ṣe AF-S inú orúkọ lẹ́ǹsì), tó ń mú fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan tó sì ń dúró síbẹ̀. Fún ìyàwó tó ń jó wọlé bọ̀, AI Servo tàbí AF-C, tó ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń rìn. Ẹ má lo AI Focus tàbí AF-A, tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń yan ohun tó wù ú. Bí ẹ bá sì fi gbogbo àmì sílẹ̀ kí kámẹ́rà máa yan, ohun tó bá sún mọ́ jù lọ ló sábà máa ń mú: ọwọ́ tó ń náwó, òdòdó orí tábìlì, tàbí ìgò omi alága.

Nínú AF-C ti Nikon, kámẹ́rà máa ń gbà láti ya fọ́tò kí fókọ́ọ̀sì tó bọ́ sí i, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti iléeṣẹ́ nìyẹn. Nínú mẹ́nù àwọn tó ga díẹ̀, ẹ lè yí i sí Focus, kó má yà títí yóò fi rí ojú. Ẹ ó pàdánù fọ́tò díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ìkẹrin: Ohun tí kámẹ́rà ń rí kì í ṣe ojú

Nínú DSLR, lábẹ́ díńgí ńlá, díńgí kékeré kan wà tó ń da ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀ fókọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ yẹn kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí àga. Ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé ló ń wá. Bí kò bá rí irú ibẹ̀, á lọ wá a níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó ń wò fẹ̀ ju àpótí kékeré tí wọ́n yà sínú viewfinder lọ. Ẹ gbé àpótí sí iwájú orí, etí gèlè tó ń dán wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: gèlè ló máa mú.

Àmì tí kì í ṣe oníméjì, tí kò lè rí ìlà òró àti ìlà ìbú pọ̀, ìlà tó bá dábùú òun nìkan ló ń rí. Èyí ló fà á tí aṣọ òkè fi máa ń kó kámẹ́rà láyà sókè. Bí ìlà sányán tàbí àlàárì bá lọ ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀, àmì yẹn kò rí nǹkan kan, lẹ́ǹsì á wá máa lọ á máa bọ̀. Ẹ yí kámẹ́rà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mú fókọ́ọ̀sì, kí ẹ tún un dúró. Ẹ ó rí i tó máa mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Awọ dúdú nínú gbọ̀ngàn tí iná DJ nìkan ń tàn, ẹ má gbé àmì sẹ́rẹ̀kẹ́. Ibi tí funfun ẹyinjú ti pàdé dúdú rẹ̀ ni kí ẹ lọ, tàbí ibi tí iná ti ń dán nínú ẹyinjú. Fúláàṣì orí kámẹ́rà máa ń tan iná pupa kékeré láti ran fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú One Shot àti AF-S nìkan ni. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú AI Servo tó ń bínú pé fúláàṣì òun kò tan iná pupa.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ pàápàá lè ti fókọ́ọ̀sì DSLR kúrò láyè rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́ǹsì tó mú lójú ọ̀sán lè yà díẹ̀ lábẹ́ iná LED aláwọ̀ búlúù tàbí gílóòbù pupa. Bí gbọ̀ngàn bá jẹ́ ibi iṣẹ́ yín gan-an, ẹ dánwò rẹ̀ lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ náà.

Ìkarùn-ún: Ìdánwò

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn, tí fọ́tò ṣì ń yà, a lè wá fura sí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: tíráípọ́dù, páálí tí lẹ́tà ńlá wà lára rẹ̀ (ti oúnjẹ àárọ̀ dára), àti tépù télọ̀.

Ẹ gbé páálí dúró lórí tábìlì kó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, láìtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Ẹ lẹ tépù mọ́ pátákó kan tó dùbúlẹ̀ ní digíríì 45 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà àárín tépù náà bá ojú páálí dọ́gba. Lára páálí ni ẹ ó ti mú fókọ́ọ̀sì, kì í ṣe lára tépù. Mo ti rí àwọn tó ń gbé àmì sórí rúlà tó dùbúlẹ̀. Nítorí pé sẹ́ńsọ̀ ń wo àyè tó fẹ̀ ju àpótí lọ, ibi tó bá wù ú lórí rúlà ló máa mú, ẹ ó wá máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Bí ẹ ṣe jìnnà tó ṣe pàtàkì. Canon dámọ̀ràn pé kí ó jẹ́ ìlọ́po 50 gígùn lẹ́ǹsì ó kéré tán. Fún 50mm, mítà 2.5. Fún 85mm, mítà 4.25. Ẹ ṣe é níta lábẹ́ òjìji, ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó le koko.

Ẹ ṣí lẹ́ǹsì tán, f/1.8 tàbí èyí tó bá ní. Ẹ pa IS tàbí VR, ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Àmì àárín nìkan, One Shot tàbí AF-S. Ìyára ṣọ́tà 1/250 sókè. Kámẹ́rà dúró lórí tíráípọ́dù, kí ẹ sì lo aago ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí ìka yín má baà mì ín.

Ẹ ya mẹ́wàá. Kí ẹ tó ya ìkọ̀ọ̀kan, ẹ da fókọ́ọ̀sì rú: fún márùn-ún, ẹ yí òrùka lẹ́ǹsì lọ sí ọ̀nà jíjìn pátápátá, fún márùn-ún tó kù, ẹ yí i wá sí ìtòsí. Bí ẹ kò bá dà á rú, lẹ́ǹsì kò ní mira mọ́ lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, ẹ ó sì ya fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Nísinsìnyí ẹ tan Live View, tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ ya márùn-ún mìíràn. Nínú Live View, díńgí ti ká sókè, sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò gan-an ló ń wá fókọ́ọ̀sì. Ohun tó bá rí lòdodo, òun la ó fi wọn èyí tó ti viewfinder wá.

Ẹ tò wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Bí Live View bá mú, tí àwọn ti viewfinder sì ń lọ sí apá kan náà lórí tépù, ó kù díẹ̀ ká ṣàtúnṣe ní mẹ́nù. Bí ti Live View bá mú, tí ti viewfinder fọ́n ká, èyí síwájú, èyí sẹ́yìn, má fọwọ́ kan mẹ́nù rárá, kò sí nọ́ńbà tó lè tún ìfọ́nká ṣe. Ẹ tún dánwò ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i, kí ẹ nu irin wúrà, kí ẹ fetí sí mọ́tò bóyá ó ń há. Bí kò bá yí padà, ẹni tó ń tún un ṣe ló kù. Bí Live View náà kò bá mú, ẹ dín ojú lẹ́ǹsì kù sí f/4. Bí ó bá mọ́, bí lẹ́ǹsì yẹn ṣe rí ní f/1.8 nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe fókọ́ọ̀sì.

Ẹ yá kámẹ́rà ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Bí lẹ́ǹsì yín bá yà lára tirẹ̀ náà, tí tirẹ̀ mú lára tiyín, lẹ́ǹsì ni. Bí gbogbo lẹ́ǹsì bá ń yà sí apá kan lára kámẹ́rà yín, kámẹ́rà ni, pàápàá bí ó bá ti ṣubú rí. Díńgí kékeré yẹn lè ti yẹ̀ díẹ̀.

Ìkẹfà: Títún un ṣe nínú mẹ́nù

Láti bí ọdún 2007 ni Canon àti Nikon ti ń fi àtúnṣe yìí sínú kámẹ́rà wọn. Canon ń pè é ní AF Microadjustment, ó wà nínú Custom Functions lára ọ̀pọ̀ wọn. Nikon ń pè é ní AF fine-tune, ó wà nínú mẹ́nù Setup. Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ní in. Canon 50D, 70D, 80D, 7D, 6D àti 5D Mark II sókè ní in. 60D kò ní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn 600D àti 700D. Nikon D7000 sókè, D300, D600, D750 àti D800 ní in. Àwọn D3000 àti D5000 pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn kò ní.

Nọ́ńbà ń lọ láti −20 dé +20. Àmì + ń ti fókọ́ọ̀sì sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ kámẹ́rà. Àmì − ń fà á wá síwájú. Tí fọ́tò yín bá ń mú lẹ́yìn páálí, − ni ẹ nílò. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn láti gbé e lódì.

Ẹ yan àtúnṣe fún lẹ́ǹsì yẹn nìkan, kì í ṣe fún gbogbo lẹ́ǹsì. Mi ò kì í rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fò: −10, 0, +10, fọ́tò mẹ́ta-mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan, mo ń da fókọ́ọ̀sì rú láàárín wọn. Èyí tó bá sún mọ́ ti Live View jù, mo wá ń fi márùn-ún, lẹ́yìn náà méjì-méjì wá a. Bí ẹ bá dé −20 tàbí +20 tí kò tíì bọ́ sí i, ẹ dúró. Ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti mẹ́nù, ẹni tó ní ẹ̀rọ láti wọ̀n ọ́n ló lè tún un ṣe.

Fún lẹ́ǹsì súùmù, àwọn Canon tó tuntun díẹ̀ gbà yín láyè láti fi nọ́ńbà kan sí apá fífẹ̀, òmíràn sí apá gígùn. Nikon D7000 gba ẹyọ kan ṣoṣo fún lẹ́ǹsì kan, nítorí náà ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ fi ṣe é. Irú lẹ́ǹsì ni D7000 mọ̀, kò mọ ẹyọ: bí ẹ bá ní 50mm méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà kan ni wọ́n jọ máa lò. D500, D850 àti D7500 lè ṣe ìṣírò náà fúnra wọn nínú Live View, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà á gbọ́.

Àwọn lẹ́ǹsì Sigma tuntun ní USB Dock, ti Tamron ní TAP-in Console, tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Àǹfààní wọn ni pé inú lẹ́ǹsì ni àtúnṣe ń wà, kì í ṣe inú kámẹ́rà, ẹ sì lè fi nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ o. Fún súùmù Sigma, nọ́ńbà 16 ni ẹ ó kún.

Bí kámẹ́rà yín kò bá ní àtúnṣe kankan, ẹ máa lo Live View fún àwọn tó dúró, kí ẹ sì máa yà ní f/2.8 sí f/4. Tàbí kí ẹ kó kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì pọ̀ lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ gbé lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé lẹ́ǹsì nìkan wá, ẹ bi í pé kí ni yóò fi wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá jẹ́ lẹ́ǹsì lóòótọ́

Ẹ wá ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́. Ẹ dúró gangan níwájú rẹ̀, kámẹ́rà lórí tíráípọ́dù, f/2.8, Live View. Bí apá òsì bá mú tí apá ọ̀tún ṣú, ẹ yí kámẹ́rà dorí kodò, kí ẹ tún yà á. Bí apá tó ṣú bá wà ní apá ọ̀tún fọ́tò náà síbẹ̀, lẹ́ǹsì ló ti wọ́: ọ̀kan nínú àwọn gíláàsì inú rẹ̀ ti kúrò láàárín. Bí ó bá bọ́ sí òdìkejì, ẹ kò dúró gangan síwájú ògiri ni. Lẹ́ǹsì tó wọ́ kò ní àtúnṣe nínú mẹ́nù, iye tí ẹ máa ná sí i sì lè ju iye tí ẹ fi rà á. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ ṣe ìdánwò ògiri yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àwọn lẹ́ǹsì kan wà tí fókọ́ọ̀sì wọn máa ń yí bí ẹ bá dín ojú wọn kù. Kámẹ́rà ń wá fókọ́ọ̀sì nígbà tí lẹ́ǹsì ṣí tán, ó wá ń dín in kù lásìkò tó ń yà á. Canon EF 50mm f/1.2L lókìkí fún èyí: ó mú ní f/1.2, ó ń bọ́ sẹ́yìn ní f/2 sí f/4 bí ẹ bá wà nítòsí. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà inú mẹ́nù tó tún f/1.2 ṣe yóò ba f/2.8 jẹ́. Ẹ yan èyí tí ẹ ń lò jù.

Mirrorless

Sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò náà ló ń wá fókọ́ọ̀sì, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ nípa nọ́ńbà kò kàn yín. Ìṣòro tiyín ni pé kámẹ́rà rí ojú méjì, ó yan ti àǹtí tó wà lẹ́yìn ìyàwó. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ fi ìka yan ojú tí ẹ fẹ́, tàbí kí ẹ fi àpótí fókọ́ọ̀sì sí agbègbè ìyàwó kó tó wá ojú níbẹ̀. Bí lẹ́ǹsì DSLR àtijọ́ bá wà lórí adápítọ̀, òrùka tí a fi so ó mọ́ kámẹ́rà, ẹ fura sí adápítọ̀ tó rọ̀ kí ẹ tó fura sí lẹ́ǹsì. Fún lẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti ilé tó ṣe kámẹ́rà, ẹ wò bóyá wọ́n ti gbé firmware, ètò inú lẹ́ǹsì, tuntun jáde.

Nígbà tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà yín, ẹ má gbà á tán lórí páálí. Ẹ pe ọ̀rẹ́ kan, kí ó wé gèlè tàbí dé fìlà, kí ẹ yà á níta àti nínú yàrá, bí ẹ ṣe ń ṣe ní òde. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ tépù bébà kékeré mọ́ inú ìdérí lẹ́ǹsì, kí ẹ kọ nọ́ńbà, orúkọ kámẹ́rà àti ọjọ́ sí i. Tí lẹ́ǹsì bá ṣubú, tàbí tí ẹ bá ra kámẹ́rà tuntun, ìwé yẹn ti di asán, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí.

Nínú ìdérí 50mm mi, +7 ló wà níbẹ̀. Ti 85mm tí mo gbé lọ tú palẹ̀ yẹn, òdo ni mo kọ sí i.